Ọmọ tí ẹbí kò bá dá owó iṣẹ́ abẹ

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn.

Ẹ̀ka tó ń ṣètò owó ìtọ́jú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Maryland níbí, ní Amẹ́ríkà. Ojoojúmọ́ là ń rí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò sì ní owó rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ń dùn mí jù ni àwọn tí wọ́n ń pè ní trans: ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin tó mọ ara rẹ̀ ní obìnrin, ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin tó mọ ara rẹ̀ ní ọkùnrin, tí wọ́n fẹ́ kí dókítà bá wọn tún ara ṣe kó lè bá ẹni tí wọ́n jẹ́ mu. Kì í ṣe pé iṣẹ́ abẹ tiwọn ló wọ́n jù nínú gbogbo iṣẹ́ abẹ. Àwọn ló sábà máa ń dá wá, tí wọ́n á fọwọ́ sí ìwé gbèsè láìsí àgbà kan tó jókòó tì wọ́n.

Ẹ wo bí àwa Yorùbá ṣe ń ṣe é. Tí wọ́n bá sọ pé bàbá ẹnì kan fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn, WhatsApp ẹbí ò ní sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní London á sọ iye tóun máa mú wá, àbúrò tó wà ní Houston á fi tiẹ̀ kún un, ṣọ́ọ̀ṣì á dá owó, ẹni tí àjọ kàn lóṣù yẹn á ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún bàbá. Ọmọ tó bá sọ fún ẹbí pé trans lòun kì í rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Wọ́n á ti yọ ọ́ kúrò lórí WhatsApp yẹn. Kò ní rí onídùúró ní báǹkì, bẹ́ẹ̀ onídùúró tó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ sì mọ́ lọ́dọ̀ àwọn báǹkì, ló máa ń jẹ́ kí èlé wálẹ̀. Nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀, èlé tó le jù ló máa bá.

Ẹni tí ìnṣọ́ránsì rẹ̀ kò san nǹkan kan lè ná 10,000 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí iṣẹ́ abẹ àyà nìkan. Ti abẹ́ ara máa ń ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ. Ọ̀pọ̀ dókítà aládàáni ló sì ń gba gbogbo owó pé kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Ibẹ̀ ni ìwé ẹ̀yáwó ti ń wọlé, pàápàá káàdì ìtọ́jú, ìyẹn káàdì gbèsè tí wọ́n fi ń sanwó dókítà. Wọ́n á ní, "Má da ara rẹ láàmú, o lè máa san án díẹ̀díẹ̀. Oṣù méjìlá, kò sí èlé." Ẹni tó ti ń dúró láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tó gbọ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló kù, kò ní ráyè ka ojú ewé kejì.

Ojú ewé kejì yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi kà. Èlé yẹn wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Wọ́n kàn dá a dúró ni, wọ́n sì ń ka iye rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lóṣooṣù. Tó o bá san gbogbo gbèsè tán kí oṣù méjìlá tó pé, wọ́n á fọwọ́ nù ún. Tó bá ku dọ́là díẹ̀, gbogbo èlé ọdún yẹn ni wọ́n máa dà lé ọ lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní o yá 6,000 dọ́là, pẹ̀lú èlé 26.99 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, o sì ń san 480 dọ́là lóṣooṣù láìyẹ ọjọ́. Lẹ́yìn oṣù méjìlá o ti san 5,760, ó ku 240. Nítorí 240 dọ́là yẹn, èlé tó lé ní 900 dọ́là máa já lé ọ lórí. O ò jẹ̀bi nǹkan kan, o ò sì fi oṣù kankan ṣeré. Iye tí wọ́n ní kó o máa san lóṣooṣù gan-an kì í sábà tó ohun tó lè parí gbèsè náà láàárín àkókò tí wọ́n dá, wọn kì í sì í sọ ọ́ fún ọ.

Mi ò hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí o. Ní December 2013, CFPB, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn tó ń bá báǹkì ṣe, pàṣẹ fún GE Capital Retail Bank àti CareCredit, ilé iṣẹ́ káàdì ìtọ́jú tó wà lábẹ́ rẹ̀, pé kí wọ́n dá owó tó lè tó mílíọ̀nù 34.1 dọ́là padà fún àwọn oníbàárà, torí pé wọ́n fi káàdì irú èyí lọ àwọn èèyàn ní ọ́fíìsì dókítà láìjẹ́ kí wọ́n lóye ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 2023, àjọ yẹn kan náà ní láti 2018 sí 2020, àwọn aláìsàn san bílíọ̀nù kan dọ́là lórí èlé tí wọ́n dá dúró nìkan. Wọ́n ní èlé 26.99 yẹn ló wọ́pọ̀ lórí káàdì ìtọ́jú, nígbà tí kírẹ́díìtì káàdì tí gbogbo ayé ń lò wà ní nǹkan bí 16.

Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láyé àtijọ́. Wọ́n le nínú owó gbígbà, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ títí wàá fi san. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra aṣọ mọ iye tó jẹ, ó mọ ọjọ́ tó máa san án, ó sì mọ ojú ẹni tó jẹ lówó. Òṣómàáló kankan kò ní padà wá lọ́dún kejì láti sọ pé iye aṣọ ti yí padà.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn ọmọ yìí kì í kà mọ́ ìnáwó. Ọ̀sẹ̀ mélòó lo máa fi dùbúlẹ̀? Òfin FMLA ti 1993 fún ọ ní ọ̀sẹ̀ méjìlá tí ọ̀gá rẹ kò fi lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, tó o bá ti pẹ́ tó níbi iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n san owó oṣù fún ọ. Owó ò wọlé, owó ẹ̀yáwó ò dúró. Tí ojú ọgbẹ́ kò bá jinná dáadáa, tí dókítà ní òun máa tún ibì kan ṣe, gbèsè kejì nìyẹn lórí àkọ́kọ́. Mo ti rí ẹni tó padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ara rẹ̀ tó gbà á, torí owó oṣù tó ń bọ̀. Inú mi bàjẹ́ gan-an lọ́jọ́ yẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́: ìnṣọ́ránsì ni kó o kọ́kọ́ bá jà. "Rárá" tí wọ́n kọ́kọ́ kọ sí ọ kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Lábẹ́ Obamacare, òfin ìnṣọ́ránsì ìlera ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ fún ọ ní ọjọ́ 180 láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n bá sì tún kọ̀, ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn lè wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Denee Mallon, ẹni ọdún 74 tó ti ṣe iṣẹ́ ológun, ló bá Medicare, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, jà títí wọ́n fi wọ́gi lé òfin kan ní 2014, òfin tó ti wà láti àwọn ọdún 1980 pé Medicare kò gbọ́dọ̀ sanwó irú iṣẹ́ abẹ yìí. Ní Maryland tiwa níbí, òfin tí Gómìnà Wes Moore fọwọ́ sí ní 2023 ti mú kí Medicaid, ìnṣọ́ránsì ìjọba fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún kò tó nǹkan, máa san púpọ̀ sí i nínú ìtọ́jú yìí láti January 2024. Ó ń ká mi lára pé ẹni tó ní Medicaid yìí ṣì ń lọ yá owó, torí pé kò sẹ́ni tó sọ fún un.

Àwọn tí owó wọn ti jáde kúrò lápò náà, ẹ má gbàgbé owó orí. Ní 2010, ilé ẹjọ́ owó orí dá Rhiannon O'Donnabhain láre pé owó oògùn họ́mọ̀nù àti iṣẹ́ abẹ abẹ́ ara rẹ̀ jẹ́ owó ìtọ́jú, pé ó lè yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n máa gba owó orí lé. Wọn ò gbà á fún ti ọmú. Èyí tó bá lé ní 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún ọ lọ́dún nìkan lo lè yọ, síbẹ̀ kì í ṣe owó kékeré.

Ọ̀nà yìí sì ti ń há sí i. Ní June 2025, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde pé láti 2026, ìtọ́jú yìí kò sí lára ohun tí ìnṣọ́ránsì Obamacare gbọ́dọ̀ kà sí dandan mọ́. Àwọn ilé ẹ̀yáwó á ti gbọ́ ìròyìn yẹn ṣáájú àwọn aláìsàn.

Ní Brazil, ètò ìlera ìjọba tí wọ́n ń pè ní SUS ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2008, Cuba náà sì fàyè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún yẹn kan náà. Èèyàn ń dúró pẹ́ níbẹ̀, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n èlé kì í gun orí ẹni tó ń dúró. Ní Britain, NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ló yẹ kó ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni èèyàn fi ń retí ìpàdé àkọ́kọ́ lásán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ yá owó fún ti aládàáni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Peckham àti Manchester, tó bá di dandan, ẹ fi kírẹ́díìtì káàdì san nínú rẹ̀, torí Consumer Credit Act ti 1974 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè owó yín lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ káàdì tí dókítà bá kùnà àdéhùn, tí iye rẹ̀ bá wà láàárín £100 sí £30,000.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má yá owó rárá. Ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ti èrè gbọ́dọ̀ ní ètò ìrànwọ́ fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún kò tó nǹkan. Béèrè rẹ̀, kí wọ́n fún ọ ní fọ́ọ̀mù. Ọ̀pọ̀ wọn náà ló máa gbà kó o máa san díẹ̀díẹ̀ fún wọn tààrà láìsí èlé. Credit union, ìyẹn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lówó, tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí kò gbọ́dọ̀ gba èlé tó ju 18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún. Gbèsè tó o jẹ ilé ìwòsàn ṣì ń jẹ́ gbèsè ìtọ́jú, o ṣì lè bá wọn dúnàá-dúràá. Bó o bá ti gbé e sórí káàdì, gbèsè báǹkì ló dà.

Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á sọ pé bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò bá rówó, kó má ṣe é, ó parí. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ohun tí mo kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lé ní ọdún méjìdínlógún yẹn máa ṣe é. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, mo mọ̀. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín ni bóyá ó máa jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ara tó ń jinná, tàbí pẹ̀lú gbèsè tí yóò máa san títí ó fi máa pé ọgbọ̀n ọdún. Bẹ́ ẹ ò bá lè dá owó, ẹ bá a ka ìwé náà. Bẹ́ ẹ ò bá fẹ́ rí i lójú, ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan kó pè é, kó bi í léèrè: "Èlé mélòó ni wọ́n kọ síbẹ̀? Ọjọ́ wo ló parí? Ṣé o ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn?"