Òjò kọ́ ló ń rọ kòkòrò sínú pọ́ńdù yín o

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ibi tí mo ti lọ ra fíìdì ẹja nílùú Ìlọrin níbí ni Àlhájì kan tún ti gbé e dé, pé òjò ló ń kó àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú omi pọ́ńdù, tí ọmọ ẹja máa ń jẹ, wá látòkè, àbí báwo ni pọ́ńdù tó ti gbẹ látìgbà ọyẹ́ ṣe máa kún fún wọn bí òjò bá ti rọ̀. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń mi orí. Mo ní Àlhájì, ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀.

Inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ pọ́ńdù ni wọ́n wà, wọ́n ń sùn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Daphnia, tí omi bá dáa tí oúnjẹ sì wà, ẹyin tó máa ń tètè pa ló ń yé. Àmọ́ tí omi bá ti ń fà, tí wọ́n ti pọ̀ jù, á wá yé irú mìíràn, ẹyin méjì nínú èèpo dúdú kan tó rí bíi gàárì ẹṣin, ìyẹn á rì sínú ẹrẹ̀, oòrùn á pa á, ọyẹ́ á fẹ́ ẹ, kò ní kú. Bí omi bá ti dé, ó yọ ọmọ.

Mo dán an wò fúnra mi. Mo bu ẹrẹ̀ pọ́ńdù mi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó gbẹ tó ti sán, mo dì í sínú ọ̀rá títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Mo fọ́ ọ sínú bọ́ọ̀lù kan, mo se omi kànga, mo jẹ́ kó tutù pátápátá kí n tó dà á lé e, mo fi aṣọ dè é lẹ́nu. Bọ́ọ̀lù kejì, omi òjò tí mo gbè ní gbangba, kì í ṣe ti orí páànù, kò sí ẹrẹ̀ nínú ẹ̀ rárá, mo de òun náà. Nígbà tó yá mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ti ẹrẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn nǹkan funfun tín-ín-tín ń fò kiri nínú ẹ̀. Ti omi òjò, wallahi, kò sí nǹkankan.

Èyí tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Àlhájì yìí fúnra wọn ń pa ẹyin ẹja àrọ̀ di ọmọ, wọ́n ń ra Atẹ́míà alágolo fún àwọn ọmọ ẹja náà láti jẹ. Kí ni wọ́n rò pé ó wà nínú agolo yẹn? Ẹyin gbígbẹ ti kòkòrò wẹ́wẹ́ inú omi iyọ̀ ni, púpọ̀ nínú ẹ̀ láti adágún Great Salt Lake ní Utah, Amẹ́ríkà, ó wá látòkè òkun, ó jókòó sórí káńtà, tí ẹ bá dà á sómi oníyọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i, bíi wákàtí 24 ó ti ń wẹ̀. Ṣé òjò ló rọ ìyẹn náà sínú agolo ni?

Lọ́dún 2014 àwọn onísáyẹ́ǹsì kọ ọ́ jáde pé ẹyin Daphnia tí wọ́n wú nísàlẹ̀ South Center Lake ní Minnesota, tó ti lé ní 600 ọdún, yọ ọmọ lọ́wọ́ àwọn. Ẹyin yẹn ti ń sùn tipẹ́ kí wọ́n tó bí Àfọ̀njá.

Ó dáa, ẹyẹ lè fẹsẹ̀ gbé díẹ̀ láti odò kan sí òmíràn, atẹ́gùn náà lè fẹ́ díẹ̀, mo gbà. Ti fídíò ẹja tó ń já bọ́ látojú ọ̀run tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mi ò ní dá yín lóhùn.

Owó yín ló ń lọ síbẹ̀. Ẹ ó fa pọ́ńdù tán, ẹ ó ha gbogbo ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ dànù, ẹ ó wá jókòó máa retí òjò. Àfi tí àrùn bá jà níbẹ̀, ẹ fi ẹrẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ da ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ sí i tí omi bá wọlé. Ẹ lọ bèèrè iye tí wọ́n ń ta agolo Atẹ́míà báyìí ná.