Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Yí Ẹsẹ̀ Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Kọ́ Ló Ń Dá Ọkọ̀ Dúró

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ kékeré eléré máa ń sọ bí ẹni pé òfin ni, pàápàá àwọn tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní bí ọkọ̀ bá ti jẹ́ all-wheel drive (AWD), ìyẹn ni pé bí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti ń dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkọ̀ náà kì í yọ̀. Ẹni tó bá ra Subaru WRX, Volkswagen Golf R tàbí Toyota GR Corolla a sì máa sọ fún aya tàbí ọkọ rẹ̀ pé kì í ṣe eré sísá nìkan ni òun tìtorí rẹ̀ náwó, pé ààbò ìdílé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òtítọ́. Ìdajì kejì ló ń gbé ọkọ̀ wọnú kòtò lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti ṣẹ̀ kò fara sin. Ní ọdún 1980 ni Audi gbé ọkọ̀ Quattro jáde níbi àfihàn ọkọ̀ ní Geneva, nígbà tí àwọn tó ń díje nínú rali, ìyẹn eré ìje ọkọ̀ lójú ọ̀nà erùpẹ̀ àti yìnyín, ṣì ń lo ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ méjì péré. Nígbà tó fi máa di 1982, Audi ti gba ife-ẹ̀yẹ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ nínú ìdíje rali àgbáyé. Lancia 037, tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan rìn, já ife náà gbà ní 1983, òun ló sì ṣe ìkẹyìn irú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ará Japan wọlé. Subaru gbé Impreza WRX jáde ní 1992, ó gba ife àwọn ilé-iṣẹ́ ní 1995, 1996 àti 1997, Colin McRae sì fi ọkọ̀ rẹ̀ di awakọ̀ tó borí ní àgbáyé ní 1995. Bẹ́ẹ̀ náà ni Tommi Mäkinen fi Mitsubishi Lancer Evolution gba ife awakọ̀ fún ọdún mẹ́rin léraléra, láti 1996 dé 1999. Nígbà tí Subaru wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta WRX ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 2002, tòun ti turbo (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i) àti agbára ẹṣin 227, àwọn tó rà á ti fojú ara wọn rí i lórí tẹlifíṣọ̀n bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń fò lórí yìnyín Sweden. Ta ni yóò rí ìyẹn tí kò ní gbà pé yìnyín tó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà òun kò lè ṣe nǹkan kan fún un?

Ohun tí ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí lórí tẹlifíṣọ̀n ni ohun tó wà láàárín ọkọ̀ àti ilẹ̀. Táyà tí wọ́n ń lò ní rali Sweden jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì kan ìṣó irin tó lé ní 300 mọ́ ara táyà kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ yẹn kì í ṣe àṣìṣe, nítorí pé bí ibi tí táyà fi kan ilẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ìwúwo ọkọ̀ á ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó, kí ìṣó náà lè la yìnyín kọjá kó sì gún omi dídì tó wà nísàlẹ̀. Ní rali Monte Carlo, níbi tí ọ̀nà lè gbẹ ní àfonífojì kó sì di omi dídì lórí òkè láàárín kìlómítà díẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ tó ń díje máa ń rán ènìyàn ṣáájú lọ wo ọ̀nà kí ọkọ̀ tó gbéra, kí wọ́n lè mọ irú táyà tí wọn yóò mú. Gbogbo ọkọ̀ tó ń jà fún ipò kìn-ín-ní níbẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn. Bí ìyẹn bá tó, wọn kì bá tí máa yọ ara wọn lẹ́nu nítorí rọ́bà.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe gan-an. Nínú WRX onímánúà, differential kan wà láàárín tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn ní dọ́gba-dọ́gba. Nínú STI, èyí tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún ń lọ sí iwájú, ìdá 59 ń lọ sí ẹ̀yìn, awakọ̀ sì lè fi bọ́tìnì yí bí differential náà ṣe ń le padà. Golf R ní tirẹ̀ ń fi clutch tí kọ̀ǹpútà ń darí ta agbára sí ẹ̀yìn nígbà tí ó bá yẹ. Ọ̀nà yòówù kí wọ́n gbà ṣe é, ohun kan náà ni wọ́n ń wá. Táyà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tí ó lè fi di ilẹ̀ mú, bí agbára tí ẹ́ńjìnnì gbé bá a bá sì ju ìwọ̀n yẹn lọ, yóò máa yí lójú kan ni. Agbára ẹṣin 271 tí WRX ti òde òní ní, bí wọ́n bá dà á lé táyà méjì lórí lójú yìnyín, òfò ni. Bí wọ́n bá pín in sí mẹ́rin, ẹrù kálukú fúyẹ́, ọkọ̀ á sì gbéra. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ náà fi ń gun òkè tí ọkọ̀ aládùúgbò ti há sí, ẹnikẹ́ni kò sì lè jiyàn ìyẹn.

Ẹ wá wò ó, gbígbéra nìkan ni mo ń sọ láti àárọ̀. Ní ti dídúró, gbogbo ọkọ̀ tó wà ní títì, ìbáà jẹ́ Corolla àtijọ́ tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú rìn, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni bíréèkì rẹ̀ ń mú. Ẹni tó ra AWD kò ra bíréèkì ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún. Nínú ìṣirò tí àwọn onímọ̀ físíìsì fi ń wá bí ọkọ̀ yóò ṣe rìn jìnnà tó kó tó dúró, eré tí ọkọ̀ ń sá àti bí táyà ṣe di ilẹ̀ mú ló ń ṣiṣẹ́, orúkọ ẹ́ńjìnnì kò sí níbẹ̀ rárá. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan yóò rìn tó mítà 18 lórí ọ̀dà gbígbẹ tí táyà di ilẹ̀ mú dáadáa, láti ìgbà tí bíréèkì bá ti mú. Lórí yìnyín tí ọkọ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, níbi tí ìdìmú náà ti lè dín kù sí ìdá mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀, mítà 71 ni. Lórí omi dídì gan-an, ó lè tó mítà 142, èyí tó ju gígùn pápá bọ́ọ̀lù lọ. Bí eré bá sì di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí ọkọ̀ yóò rìn kó tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. WRX àti Corolla àtijọ́ tí a wọ irú táyà kan náà fún yóò dúró ní ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá léwu ni pé ọkọ̀ AWD máa ń fi ojú ọ̀nà pamọ́ fún awakọ̀. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú nìkan rìn, bó bá ti tẹ iná díẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, táyà á yí lásán, ẹ́ńjìnnì á ké, iná kékeré tó ń kìlọ̀ á sì máa ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Kó tó jáde sí títì ló ti mọ̀ pé ọ̀nà ń yọ̀, á sì fara balẹ̀. Ẹni tó wà nínú WRX kò rí nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Ó tẹ iná, ọkọ̀ lọ. Ó wọ jíà kejì, ó wọ ìkẹta, turbo ń súfèé, ọkọ̀ dúró ṣánṣán bí ẹni pé ìgbà ooru ni. Ìgbà tí iná adarí-ọkọ̀ tó wà níwájú bá di pupa ló tó tẹ bíréèkì, tí pẹ́dàlì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí pé ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì dá táyà dúró gbagidi, ń ṣiṣẹ́, tí ọkọ̀ sì ń lọ tààrà láìdúró. Ìgbà yẹn ni ó kọ́kọ́ gbúròó ilẹ̀ láti àárọ̀. Ní tèmi, àìgbúròó yìí ló burú ju yíyọ̀ fúnra rẹ̀ lọ.

Kọ́nà kò yàtọ̀. Bí awakọ̀ bá ti sáré ju bó ti yẹ lọ kó tó wọ kọ́nà, táyà iwájú ni yóò kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ilẹ̀, awakọ̀ yóò máa yí sítíárìn, ọkọ̀ yóò sì máa lọ síta. Ẹ́ńjìnnì WRX wà níwájú níwájú, ó yọ kọjá ẹsẹ̀ iwájú, ìwúwo rẹ̀ sì ń ti imú ọkọ̀ síta sí i. Turbo ní tirẹ̀ tún ní ìwà kan tó yẹ kí ènìyàn mọ̀: agbára rẹ̀ kì í dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí a bá tẹ iná, ó máa ń pẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá dé lápapọ̀. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, ìyẹn ló ń mú inú ẹni dùn. Ní àárín kọ́nà tó ń yọ̀, agbára tí ènìyàn ti gbàgbé pé òun béèrè ló ń dé bá a nígbà tí kò fẹ́ ẹ mọ́. Ohun tí AWD mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni kó fa ọkọ̀ jáde ní kọ́nà tí a fi pẹ̀lẹ́tù wọ̀. Kò lè gba ẹni tó fi eré wọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Àmọ́ o, kí n má ṣe fi ẹ̀tọ́ dù ú. Bí ènìyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú ọkọ̀ onímánúà, tó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná láìtẹ bíréèkì, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, nínú AWD, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń pín ìfàsẹ́yìn náà dípò méjì. Èrè gidi nìyẹn, kò sì kéré fún ẹni tó ń gbé lórí òkè. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ bá ti kan bíréèkì, èrè náà ti parí.

Táyà wá ni gbogbo ọ̀rọ̀ dà lé, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Wọ́n á ra ríìmù olówó iyebíye, wọ́n á pààrọ̀ sàlẹ́ńsà kí ọkọ̀ lè máa ké, wọ́n á gbé e lọ fún ẹni tí yóò tún kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe kí turbo lè fẹ́ atẹ́gùn sí i, tí táyà tó bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́ yóò sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí di oṣù kìíní. Táyà ìgbà ooru ni ilé-iṣẹ́ fi sí ẹsẹ̀ WRX ọdún 2022, nítorí pé ọkọ̀ eléré ni. Rọ́bà irú táyà bẹ́ẹ̀ dára gan-an ní ojú ọjọ́ gbígbóná, ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó máa ń le gbagidi bí àdí ṣe ń dì nígbà ọyẹ́, kì í sì í di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́ bí ojú ọ̀nà tilẹ̀ gbẹ. Ọkọ̀ tó ní turbo àti AWD lórí irú táyà yìí nínú yìnyín yóò lọ sẹ́yìn ọkọ̀ kékeré tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú rìn tí olówó rẹ̀ fi táyà ìgbà òtútù sí. Àmì tí ẹ máa wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ìgbà òtútù ni àwòrán òkè onígóńgó mẹ́ta tí hóró yìnyín kan wà láàárín rẹ̀. Lẹ́tà M+S (mud and snow, ẹrẹ̀ àti yìnyín) lásán kò tó, nítorí bí wọ́n ṣe gbẹ́ ìlà ojú táyà ni lẹ́tà yẹn ń sọ, kì í ṣe bí rọ́bà náà ṣe rí nínú òtútù.

Ìjọba àwọn ibi tí yìnyín ti pọ̀ pàápàá kò gba AWD gẹ́gẹ́ bí àwíjàre. Ní Quebec ní Kánádà, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, dandan ni táyà ìgbà òtútù fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ẹsẹ̀ mélòó ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Ní Colorado, bí wọ́n bá ti kéde òfin ìgbà yìnyín lójú ọ̀nà, ọkọ̀ AWD náà gbọ́dọ̀ ní táyà tí ìlà ojú rẹ̀ jìn tó nǹkan bíi mílímítà 5, tàbí kí ọlọ́pàá gba owó ìtanràn.

Àwọn tó wà nílé lè máa rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Ó kàn wọ́n. Highlander àti Lexus RX tòkunbọ̀ tí iye wọn pọ̀ ní títì wa, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ AWD, irú ìgbẹ́kẹ̀lé kan náà ni àwọn ènìyàn sì fi ń wà wọ́n nínú òjò lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Bí omi bá ti gbé táyà kúrò lórí ọ̀dà, ẹsẹ̀ mẹ́rin kò ní ohun tí wọn yóò dì mú ju ẹsẹ̀ méjì lọ. Ìlà ojú táyà tó jìn ló ń lé omi náà jáde, pẹ̀lú eré tó mọ níwọ̀n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ìparí: 3521 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é. Ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó fún fọkanáísà.

Ohun kan ṣì kù tó jẹ́ ti olówó AWD nìkan, owó ni ó sì jẹ mọ́. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dọ́gba. Subaru ní kí ìyàtọ̀ àyíká táyà kan sí èkejì má ṣe ju nǹkan bíi mílímítà 6 lọ, nítorí pé táyà tuntun tóbi ju èyí tó ti jẹ lọ, kì í sì í yí iye ìgbà kan náà nínú kìlómítà kan. Differential àárín á máa fi gbogbo ọ̀nà jà láti bo ìyàtọ̀ náà, á máa gbóná, á sì bàjẹ́ níkẹyìn. Nítorí náà, bí ìṣó bá gún táyà kan kọjá àtúnṣe nígbà tí mẹ́ta tó kù ti jẹ dé ìdajì, ẹ ra mẹ́rin, tàbí kí ẹ wá ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá ojú táyà tuntun kó lè bá àwọn ìyókù dọ́gba. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà, iye tí wọ́n sì ń gbà kò tó owó táyà kan.