Abẹ Márùn-ún Kò Sàn Ju Ẹyọ Kan Lọ

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ bá abẹ olójú méjì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n sọ ọ́ nù, pé ọjọ́ tó bá yọ̀, gògóńgò mi ló máa bá. Ṣéfín sítíìkì alábẹ márùn-ún ló wà lọ́wọ́ tiwọn, kókó wẹ́wẹ́ sì sú kárí àgbọ̀n wọn, láti ìdí etí kan dé ìdí èkejì. Mo wo àgbọ̀n, mo wo abẹ márùn-ún, mo pa ẹnu mọ́. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n. Ibí yìí ni mo ti lè sọ̀rọ̀.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́: bí abẹ bá ṣe pọ̀ tó lórí sítíìkì, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fárùngbọ̀n dáadáa tó, tí awọ ara á sì rí ààbò. Ẹyọ abẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n há sáàárín irin méjì, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ohun tó ń géni. Mo ti lo méjèèjì pẹ́. Ọwọ́ ẹni ló ń dáàbò bo ojú ẹni, iye abẹ ò sí níbẹ̀. Fún ẹni tí irùngbọ̀n rẹ̀ bá sì ká, abẹ púpọ̀ yẹn gan-an ló sábà máa ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1971 ni ilé iṣẹ́ Gillette tó ń ṣe abẹ gbé Trac II, sítíìkì alábẹ méjì, wá sọ́jà. Abẹ iwájú á fa irun jáde díẹ̀ bó ṣe ń gé e. Kí irun náà tó sún padà, abẹ ẹ̀yìn á tún gé e nísàlẹ̀ ibi tí ti iwájú ti gé e. Nígbà tí èyí tó kù bá wá padà sínú ihò rẹ̀, orí rẹ̀ á ti wọ abẹ́ awọ lọ. Ìdí nìyẹn tí àgbọ̀n fi máa ń dán bí ẹ̀yìn ṣíbí lọ́jọ́ kìíní. Nígbà tó di 1998, abẹ ti di mẹ́ta nínú Mach3. Schick, ilé iṣẹ́ abẹ míì, sọ ọ́ di mẹ́rin ní 2003, Gillette fi Fusion sọ ọ́ di márùn-ún ní 2006.

Irun tó tọ́ á gba ojú ihò rẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Irun tó ká kò mọ̀nà bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ tí abẹ ti gé ṣóńṣó á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gún ògiri ihò náà, ara á sì ṣe é bó ṣe máa ń ṣe ẹ̀gún: á wú, á máa yúnni, nígbà míì á gba ọyún. Àwọn dókítà awọ ara ń pè é ní pseudofolliculitis barbae, orúkọ tó gùn ju irun náà lọ. Irun míì á tilẹ̀ jáde tán kó tó ká padà wọnú awọ. Ẹni tó bá rí kókó wọ̀nyí tó wá lọ ra sítíìkì tí abẹ rẹ̀ tún pọ̀ sí i, iná ló ń bu epo sí.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ ro ìṣirò rẹ̀ wò. Bí sítíìkì alábẹ márùn-ún bá kọjá lẹ́ẹ̀kan lójú kan náà, abẹ márùn-ún ló ti ha awọ ibẹ̀. Bó bá kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀pọ̀ oògùn ní ń ru ọmọ gàle.

Ní ti ewu, ẹ̀rù náà kì í ṣe tuntun, àmọ́ àṣìmú ni. Abẹ gbọọrọ tí kò ní ìbòrí, tí wọ́n ń pọ́n lára awọ ẹran, ni àwọn èèyàn ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe wá èyí tó ní irin ìdábùú lábẹ́ ojú rẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Kampfe gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe, ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1880. Abẹ tinrín olójú méjì tí a máa ń lò tán ká sọ nù, iṣẹ́ King C. Gillette tó dá ilé iṣẹ́ Gillette sílẹ̀ ni, òun àti William Nickerson tó rí ọgbọ́n fi mú irin tinrín bẹ́ẹ̀ le. Èèkù, ìyẹn irin tí a ń há abẹ náà sí, 51 péré ni wọ́n tà lọ́dún 1903. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, ìjọba Amẹ́ríkà pín nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.5 fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọmọ ogun tó ń fi omi inú agolo fárùngbọ̀n nínú kòtò. Bó bá jẹ́ pé ohun tó ń dú ọ̀fun ni, a ò bá ti gbọ́.

Abẹ náà kò nípọn ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ. Ìdérí orí rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ kó lè dúró gbọnyingbọnyin, etí rẹ̀ díẹ̀ báyìí ló sì ń yọ síta.

Ibi tí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi rèé: orí sítíìkì oníke máa ń yí bí ojú ẹni bá ṣe yí, kò sí ohun tí èèyàn ń ṣe ju kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kó sì fà á wálẹ̀. Ọwọ́ tó ti mọ́ títẹ̀ yẹn lára ni mo gbé lọ síbi abẹ olójú méjì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gígé tó gé mi lábẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá títí mo fi múra tán. Mo dá abẹ lẹ́bi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó rí i pé ọwọ́ mi ni.

Ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹ fi ìka mẹ́ta péré di ìdí èèkù mú, kí ìwúwo irin náà fúnra rẹ̀ máa ṣiṣẹ́. Láti mọ bó ṣe yẹ kó dagun, ẹ gbé ìdérí rẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí èèkù nà síta gbọnrangandan; abẹ ò ní kan ara. Ẹ wá máa rẹ èèkù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ ìró pé ó ti ń mú irun. Ibẹ̀ ni, nǹkan bí ìwọ̀n dìgírì 30. Etí ló dára jù fún ẹ̀kọ́ yìí. Bó bá ń dún ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó ń gé irun. Bó bá dákẹ́, ìdérí ló ń fi ara yí awọ. Bó bá ń ha gàràgàrà, ẹ ti rẹ̀ ẹ́ jù.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí irùngbọ̀n hù fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ fi ìka pa á wò láti mọ ibi tó kọrí sí. Ti ọrùn lè dojú kọ ẹ̀gbẹ́, ó tilẹ̀ lè dojú kọ òkè. Ibi tí irun kọrí sí ni kí ẹ fá a sí, díẹ̀díẹ̀, láìfa awọ le. Ẹyọ abẹ kan náà lè gé irun wọ abẹ́ awọ bí ẹ bá na awọ bí ìlù, tí ẹ sì fá a lódì. Ẹ jẹ́ kó ṣẹ́ kù díẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ pa yín lẹ́rẹ̀kẹ́ wò. Omi gbígbóná díẹ̀ àti ọṣẹ tó hó kí abẹ tó kanra, torí irun tó mu omi rọ̀ ju èyí tó gbẹ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ra èèkù, ẹ mú èyí tó wúwo díẹ̀, tí àlàfo tó wà láàárín abẹ àti irin ìdábùú rẹ̀ kéré. Èyí tí irin ìdábùú rẹ̀ la bí eyín ìyarun wà fún irùngbọ̀n tó gùn, kì í ṣe fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Àwọn kan máa ń ṣí lórí bí ilẹ̀kùn méjì. Ó wù mí lójú, àmọ́ èyí tí a ń tú sí ọ̀nà mẹ́ta ni mo rà, torí kò sí ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀.

Abẹ ilé iṣẹ́ kan ò jọ ti èkejì ní mímú, ẹ ra oríṣi mẹ́ta mẹ́rin díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó ra páálí. Gbogbo wọn ló ń wọ gbogbo èèkù abẹ olójú méjì, nígbà tó jẹ́ pé orí sítíìkì oníke sábà máa ń wọ èèkù ilé iṣẹ́ tó ṣe é nìkan. Mo rò pé ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n máa pariwo abẹ márùn-ún. Tèmi kì í ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ kí n tó pààrọ̀ rẹ̀. Irun tó rọ̀ ju irin lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 50 máa ń bu etí abẹ jẹ, àwọn onímọ̀ ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, fi hàn bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2020, abẹ tó ti kú ló sì ń fa irun tu. Inú agolo tí ẹ dá ihò tóóró sí lórí ni kí ẹ máa ju àlòkù sí.

Ẹ̀gbọ́n mi béèrè tèmi lóṣù tó kọjá. Mo ra èèkù tuntun fún wọn, pẹ̀lú abẹ tiwọn, torí a kì í yá abẹ lò. Wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Mò ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, gàràgàrà.