Doubles kì í ṣe ilé ìsinmi o
Ẹni tó ní nínú tẹ́níìsì, àwọn tí singles (ẹnì kan sí ẹnì kan) lé dànù ló ń gbá doubles (èèyàn méjì sí méjì) yẹn, ẹ rọra o jàre. Ṣé Bopanna ará Íńdíà náà ń sinmi ni, ẹni ọdún 43 ni nígbà tóun àti Matthew Ebden gba ife doubles ní Australian Open, ìdíje tẹ́níìsì ńlá yẹn, ní 2024, ó tún wá di ẹni àkọ́kọ́ lágbàáyé nínú doubles, kò tíì sẹ́ni tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tó dé ipò yẹn rí. Lóòótọ́ èèyàn ò kì í sáré tó ti singles, àmọ́ níwájú nẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù á ti dé kó o tó ṣẹ́jú, o sì gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí ẹnì kejì ẹ ń lọ. Owó doubles ló ń bí mi nínú ṣá, kò tó nǹkan, wọ́n á tún pín in sí méjì.