Ta Ló Sọ Fún Yín Pé Èmi Ni Mo Ni Òjò?

Aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù nígbà tí fóònù mi dún. Mo ti bọ́ bàtà, mo ti na ẹsẹ̀, oorun ti ń gbé mi lọ. Kóòṣì ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó wá gbá bèésíbọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ wa ni, eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù, tí ẹlòmíì ń fi igi gbá a. Kò kí mi. Kò ní "ẹ pẹ̀lẹ́," kò ní "ẹ kú iṣẹ́." Ohun tó kọ́kọ́ tẹnu rẹ̀ jáde ni, "Wọ́n ní òjò máa rọ̀ lọ́la. Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?"

Kí ni mo fẹ́ ṣe sí òjò! Ṣé wọ́n sọ fún yín pé mo máa ń so òjò ni? Mo ní, "Kóòṣì, tó bá rọ̀, a máa gbọ́n omi kúrò. Tó bá dá, ẹ máa gbá." Ló bá pòṣé sí mi létí, ó sì pa fóònù. Èmi tí mo ti wà lórí ìdúró láti aago mẹ́fà àárọ̀.

Inú ń bí mi, mi ò ní parọ́. Ìdíje àwọn ọmọ ọdún 11 sí 12 ni, ti gbogbo agbègbè: ẹgbẹ́ 8, pápá méjì, láti ọjọ́ Jímọ̀ títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwa òbí tí àwọn ọmọ wa ń gbá bọ́ọ̀lù níbí la gbà láti ṣe onílé. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ó jọ pé kò wọ àwọn èèyàn kan létí: kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wa! Ìsinmi tó yẹ kí n fi sùn nílé ni mo fi ṣe é. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ báwọn àlejò wa ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé a jẹ wọ́n lówó ni.

Àwọn ọmọ kọ́ o. Àwọn ọmọ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Wọ́n ń kí èèyàn, wọ́n ń ṣa ìdọ̀tí wọn, wọ́n ń bára wọn ṣeré láìka ẹgbẹ́ sí. Àwọn tó bí wọn ni mò ń wí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú la ti kọ̀wé sí gbogbo ẹgbẹ́. Nínú òfin Little League, àjọ bèésíbọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, tí à ń tẹ̀ lé, ẹgbẹ́ kan ò gbọdọ̀ kọ orúkọ ju ọmọ 14 lọ fún ìdíje, àgbà mẹ́ta péré ló sì lè bá wọn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ìyẹn ò ṣòro. Ohun tá a béèrè ni iye àwọn ìyókù: òbí mélòó, yàrá mélòó, ọkọ̀ mélòó. Ìbéèrè mẹ́ta. Ẹgbẹ́ kan dá wa lóhùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin pé, "Bí ogún èèyàn."

Bí! "Bí" yẹn ló pa mí. Ọjọ́ tí bí-ogún dé, èmi fúnra mi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, mo ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ka bàbá, mo ka ìyá, mo ka ìyá àgbà mẹ́rin, mo ka àbúrò tí ò tíì mọ bọ́ọ̀lù í mú. Nígbà tí mo dé orí 53, ajá kan bọ́ sílẹ̀. Mo dákẹ́. Mo ní bóyá mo ń lálàá ni. Ajá yẹn náà ń wò mí bíi pé kí n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ yàrá.

Ta wá ni wọ́n ń bínú sí pé yàrá ò tó? Èmi ni. Mo pe hòtẹ́ẹ̀lì títí ohùn mi fi há. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ la tó rí ibi tí gbogbo wọn máa sùn sí. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin kan nínú wọn wá bá mi, mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni, mo ti ń múra láti sọ pé "kò tọ́pẹ́." Ó ní ìrọ̀rí òun le jù.

Ìrọ̀rí!

Ká má tiẹ̀ sọ ti WhatsApp. A ti gbé àkókò gbogbo eré sórí rẹ̀, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè pátápátá níbi tí afọ́jú ò ní ṣàì rí i. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó la máa gbá?" "Pápá wo?" Ẹnì kan tiẹ̀ béèrè pé ìgbà wo ni eré ọmọ òun máa bẹ̀rẹ̀, mo gbójú sókè, ọmọ náà ti wà nínú pápá, ó ti na igi sókè, ó ń retí bọ́ọ̀lù. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí àga níwájú mi, ó tẹ orí ba fóònù.

Òjò náà rọ̀ lóòótọ́. Aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Sátidé, àwa mẹ́sàn-án ti wà nínú pápá pẹ̀lú garawa. A ti fi tápólì bo òkìtì tí ajùbọ́ọ̀lù máa ń dúró lé, ìyẹn gbẹ. Àmọ́ béèsì àkọ́kọ́, ibi tí ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù máa kọ́kọ́ sá lọ, ti di adágún, iwájú ilé, ìyẹn ibi tí ẹni tó ń gbá a máa ń dúró sí, náà ń ṣe bí odò. Ẹni tí ò bá mọ̀ á ní kẹ́ ẹ mú ìgbálẹ̀, kẹ́ ẹ gbá omi náà sínú koríko, ó tán. Kò tán o. Tẹ́ ẹ bá gbá a, iyẹ̀pẹ̀ á bá omi lọ, á gbá jọ sétí koríko, á di gegele. Lọ́jọ́ míì bọ́ọ̀lù tó ń yí bọ̀ nílẹ̀ á kọsẹ̀ lára gegele yẹn, á fò sókè, ojú ọmọ ọlọ́mọ ló máa bá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ fóòmù la fi ń fa omi náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ gbé e, ẹ fún un sínú garawa, ẹ lọ dà á nù sẹ́yìn ọgbà, ẹ tún padà. Lórí eékún ni. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó wọ́n amọ̀ sísun wóróworó tó ń mu omi sí i, ẹ ó fi réèkì tú u, ẹ ó dúró, ẹ ó tún tú u. Ẹ̀yìn ìyẹn la tó mú okùn àti ẹfun, a tún gbogbo ìlà fà, torí ẹsẹ̀ bàtà 60 gbọ́dọ̀ wà láti béèsì kan sí èkejì, 46 sì gbọ́dọ̀ wà láti ọ̀dọ̀ ajùbọ́ọ̀lù sí ilé. Ẹ̀yìn mi ò tíì nà tán di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Gbogbo àsìkò tá a wà lórí eékún yẹn, àwọn òbí kan ti dé, wọ́n dúró sábẹ́ agboòrùn. Wọ́n ń wò wá bí ẹni ń wo eré. Ọ̀gbẹ́ni kan, ife gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀, wá bá mi lẹ́nu wáyà tó yí pápá ká, ó ní, "Ẹ ò ní ẹ̀rọ tó ń fa omi ni? Níbi tá a gbá lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní ẹ̀rọ." Fóòmù wà lọ́wọ́ mi, omi pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ń kán sínú bàtà mi. Mo fi ọ̀kan lọ̀ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní aṣọ òun funfun.

A ṣe é títí ó fi dára. Òkìtì náà dán, ẹ lè fi ojú yín wo ara yín nínú rẹ̀. Bí mo ṣe ń na ara mi báyìí, kóòṣì kan, tó wọ bàtà onírin, gba orí òkìtì yẹn kọjá láti ìhà kan sí èkejì. Ó dúró láàárín rẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ gún un lẹ́ẹ̀mẹta, ihò mẹ́ta. Ó ní, "Ó ṣì rọ̀ díẹ̀."

Mi ò dáhùn. Ẹni tó dúró tì mí ló di apá mi mú.

Lọ́sàn-án, àrá sán. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti mú ọmọ lọ sí pápá rí mọ̀ pé tí àrá bá ti sán, gbogbo ènìyàn á kúrò nínú pápá, ìṣẹ́jú 30 sì gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn kí ẹnikẹ́ni tó padà. Tó bá tún sán ní ìṣẹ́jú 29, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ kíkà látorí òdo. Ìyá ọmọ kan tẹ aago fóònù rẹ̀, ó ń pariwo iye tó kù bí ẹni ń polówó ọjà. Ó ku méjì, àrá sán. Ó yíjú sí mi. Ojú tó fi wò mí yẹn, ẹ ó rò pé mo mọ́ ọn ṣe ni.

Ti igi ìgbábọ́ọ̀lù ń kọ́? Láti ọdún 2018 ni òfin ti wà pé igi àwọn ọmọdé, àfi èyí tó bá jẹ́ pákó pọ́ńbélé, gbọ́dọ̀ ní àmì USA Baseball, àjọ tó ń bójú tó eré yìí ní Amẹ́ríkà, lára. Kò lámì, kò wọlé. Bàbá kan fi ìdajì wákàtí ṣàlàyé fún mi bí tọmọ òun ṣe wọ́n tó. Mo ní, sà, mo gbà pé ó wọ́n, àmì ńkọ́? Ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tíṣù ilé ìyàgbẹ́ tó ń tán ní gbogbo wákàtí, mi ò ní í sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, ojú ń tì mí fún àwọn àgbà.

Gbogbo èyí, mo lè gbé e mì. Èyí tó há mi lọ́fun ni ti ọjọ́ Jímọ̀, kóòṣì tó pè mí lóru yẹn náà sì ni.

Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti ń ka iye bọ́ọ̀lù tí ọmọ kan jù nínú Little League, kí apá ọmọ má baà bàjẹ́. Ọmọ tó bá ju 51 sí 65, ó di ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá wọ 66, ó di mẹ́rin. Ẹ fi ọkàn ṣírò rẹ̀: ẹni tó bá ju 65 lọ́jọ́ Jímọ̀ lè jù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí í ṣe àṣekágbá. Ẹni tó bá ju 66, ó di Ọjọ́rú, ìdíje sì ti parí. Òfin tiẹ̀ ṣàánú díẹ̀: tí iye náà bá pé 65 nígbà tí ọmọ ṣì ń jù fún ẹnì kan, ó lè parí ẹni yẹn, 65 ni wọ́n máa kà sí i lọ́rùn, tí wọ́n bá ṣáà ti yọ ọ́ kó tó ju bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíì.

Ọmọ yìí ti ju 63 nígbà tí ẹnì kan wọlé sí i. Ó ju 64, 65, 66, ẹni yẹn jáde. Ibẹ̀ ló yẹ kí kóòṣì ti dìde. Kóòṣì ń bá ẹnì kan tàkúrọ̀sọ níbi wáyà pápá. Ẹlòmíì wọlé, ọmọ ju ẹyọ kan sí i. Ìgbà yẹn lojú kóòṣì wá là, ló sáré wọlé bí ẹni tó gbàgbé ìkòkò lórí iná, ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ.

Ó pẹ́ jù. 67 ni. Ló bá ní ti ìkẹyìn yẹn kì í ṣe jíjù, ọmọ ń na apá ni. Ẹni tó di igi mú dúró níbẹ̀, rẹfirí ti kéde bọ́ọ̀lù náà! Ọmọbìnrin tó ń kọ máàkì fún wa, ọmọ ọdún 17, ṣí ìwé rẹ̀, ó fi ìka sí ojú ibi tí 67 wà, ìka náà ń gbọ̀n. A wo ìwé ẹgbẹ́ kejì, 67. A wo ìwé tiwọn gan-an, èyí tí ìyàwó olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ń kọ: 67, ó tiẹ̀ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ó wá pariwo kí gbogbo pápá lè gbọ́ pé, "Onílé ni yín, ẹ fẹ́ kí tiyín jẹ ni!"

Tiwa kẹ̀! Tiwa tí wọ́n ti nà ní 12 sí 1 láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí wọ́n fi òfin àánú, èyí tó ń dá eré dúró tí àlàfo bá ti pọ̀ jù, dá dúró lẹ́yìn ìpele kẹrin! Tá a bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojúsàájú, ṣé ara wa kọ́ la ò bá kọ́kọ́ ṣe é fún?

Ọmọ tó ju bọ́ọ̀lù náà wá bá mi nírọ̀lẹ́ níbi tí mo ti ń ká okùn. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. 67 ni lóòótọ́. Èmi náà ń kà á." Mo ní kò burú, ọkọ mi, lọ fi nǹkan tútù sí apá yẹn. Wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni kóòṣì rẹ̀ pè mí nítorí òjò.

Ẹgbẹ́ 8 ló wá, méjì ló dágbére. A gba ibi ìjókòó wọn, a ká tápólì, mo lọ sílé, mo sùn wákàtí 11.

Lánàá, fóònù dún. Òun náà ni. Ọmọ kan nínú wọn gbàgbé ìbọ̀wọ́, kí n bá wọn wá a, kí n sì fi ránṣẹ́ kíákíá torí wọ́n ní ìdánrawò lọ́la. Mo ní irú èwo ni? Ó ní ó dúdú. Àpótí ohun ìgbàgbé wà níwájú mi, ìbọ̀wọ́ mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, mẹ́jọ dúdú. Mo ní, kóòṣì, ẹ fún mi ní àmì kan sí i. Ó ronú díẹ̀. Ó ní ti ọwọ́ òsì ni.

Ọwọ́ òsì ni gbogbo wọn.