Ààwẹ̀ kọ́ ló ń fọ ọpọlọ, ẹ má pa oògùn bípì yín tì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan tó ń ta iṣu nítòsí wa ní Ṣómólú yà sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì mi. Mo di ẹ̀rọ bípì mọ́ ọn lápá, ó wú, ó rọ̀, ó kọ 186 lórí 112.

"Màmá, ẹ ò lo oògùn yín."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún la wà. Wọ́n ní ààwẹ̀ ń fọ ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ò ní lè wọbẹ̀. Dókítà kan ní Japan ló rí i, wọ́n sì fún un lẹ́bùn."

Ó na fóònù sí mi. WhatsApp ni, wọ́n ti ta á látaré títí.

Irọ́ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Yoshinori Ohsumi wà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2016. Àmọ́ yíìsì ló fi ebi pa, irú èyí tó ń mú búrẹ́dì Agége wú. Ó rí i pé bí oúnjẹ bá tán, sẹ́ẹ̀lì a máa di ohun tó ti gbó nínú ara rẹ̀ sí àpò kékeré, a dà á, a sì tún un lò. Autophagy ni wọ́n ń pè é: kí sẹ́ẹ̀lì máa jẹ ara rẹ̀. Kò fi ààwẹ̀ wo ẹnì kankan sàn.

Nínú ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jíṣẹ́ ò dá wà. Àwọn alátìlẹ́yìn yí wọn ká. Astrocyte, tó rí bí ìràwọ̀, ń bá wọn gba oúnjẹ lára iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì ń nu kẹ́míkà tó bá pọ̀ jù kúrò. Microglia ni agbálẹ̀, òun ló ń kó òkú sẹ́ẹ̀lì jẹ. Àwọn fúnra wọn tún ń tún inú ara wọn ṣe lójoojúmọ́, ẹ̀ báà jẹ ẹ̀bà, ẹ̀ báà má jẹ ẹ̀bà.

Ibi tó wá pa mí lẹ́rìn-ín nìyí. Ọpọlọ ò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, àmọ́ òun nìkan ń gba nǹkan bí ìdá 20 afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí a ń mí, kò sì ní àká. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan, ebi dé bá sẹ́ẹ̀lì lójijì, jíjẹ ara ẹni yẹn á sì bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ebi tí ẹ fẹ́ fi lé rọpárọsẹ̀, òun gan-an ni rọpárọsẹ̀ gbé wá!

Ṣé ó ń ṣàǹfààní? Nígbà mìíràn. Díẹ̀ rẹ̀ ń palẹ̀ ohun tó bàjẹ́ mọ́ kó tó ba ìyókù jẹ́. Bó bá pọ̀ jù, ó dà bí ẹni tó ń fi igi àjà ilé rẹ̀ dáná: ọbẹ̀ á jinná, ilé á wó. Nínú eku, àwọn onímọ̀ dí i lọ́nà nínú astrocyte, ìpalára dínkù níbì kan, ó pọ̀ sí i níbòmíràn. Àsìkò àti bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ṣe dí tó ló ń yí i padà. Irú nǹkan yìí kọ́ ni èèyàn ń fi ebi yí bí ọwọ́ rédíò.

Bí iṣan ńlá bá dí, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9 sẹ́ẹ̀lì ajíṣẹ́ ń kú ní ìṣẹ́jú kan. Abẹ́rẹ́ tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì wà, àmọ́ láàárín wákàtí 4 àbọ̀ ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya àwòrán orí, torí bó bá jẹ́ pé iṣan ló bẹ́, abẹ́rẹ́ náà á dá kún un. Nítorí náà, bí ẹnu bá wọ́, bí apá kan bá rọ, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ lẹ́nu, ọsibítù lójú ẹsẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da àgbo sí aláìsàn náà lẹ́nu. Ọ̀fun rẹ̀ lè má gbé e mọ́, ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ.)

Oògùn bípì ló ń dín ewu rọpárọsẹ̀ kù, kì í ṣe ebi. Èmi ò bá ààwẹ̀ jà, ìyá mi náà ń gbà á. A pe dókítà tó kọ oògùn fún màmá yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni oògùn náà, ó ní kó máa lò ó nígbà tó bá ń ṣínu, kó sì wá rí òun lọ́jọ́ kejì. Ní aago méje alẹ́, fóònù mi dún.

"Mo ti lò ó o. Ọ̀rọ̀ Japan yẹn ńkọ́? Mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ oníṣu."


Mo ní, "Màmá, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n."