Prime tó gbẹ̀yìn kọ́ ni wọ́n rí

"Tíṣà, ẹ ò tíì gbọ́ ni? Wọ́n ti rí prime tó gbẹ̀yìn l'Amẹ́ríkà." Bàbá ọmọ kan tí mò ń kọ́ ní ìṣirò ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní Sátidé, tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni tó mú olè. Prime ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò sí nọ́ńbà tó lè pín in dọ́gba àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rèé lọ́dún yìí. Ó ti sú mi.

Nọ́ńbà ọ̀hún wà lóòótọ́. Luke Durant ló rí i ní oṣù kẹwàá 2024, lábẹ́ GIMPS, ètò tí àwọn èèyàn ti ń fi kọ̀ǹpútà wọn wá prime láti 1996. Ẹ to 2 sílẹ̀ ní ọ̀nà 136,279,841, ẹ fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, kí ẹ wá yọ 1 kúrò. Ohun tí ẹ máa rí, dígíìtì 41,024,320 ló ní. Bí ẹ bá ń kọ ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó máa gbà yín ju ọdún kan àti oṣù mẹ́ta lọ, láìsùn, láìjẹun.

Ó tóbi o. Àmọ́ ṣé ó wá gbẹ̀yìn?

Euclid, onímọ̀ ìṣirò Gíríìkì àtijọ́, ti parí ẹjọ́ yìí ní nǹkan bí 300 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù. Ó ní kí ẹ kó gbogbo prime tó bá wù yín jọ, kí ẹ fi wọ́n sọ ara wọn di púpọ̀, kí ẹ fi 1 kún un. Èyíkéyìí nínú wọn tí ẹ bá fi pín in, 1 ló máa ṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀ prime kan gbọ́dọ̀ pín in dọ́gba, bó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ náà ni. Prime yẹn kò sí nínú èyí tí ẹ kó jọ. Ó parí.

Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo sọ 2, 3, 5, 7, 11 àti 13 di púpọ̀, mo fi 1 kún un, mo rí 30,031, mo wá pariwo pé prime nìyí! Tíṣà wa ò sọ nǹkan kan, ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n nà sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi prime pín in lọ́kọ̀ọ̀kan, láti 17. Nọ́ńbà mẹ́wàá kọ̀, ọwọ́ mi ti funfun, kí n tó dé 59. 59 × 509. Ojú tì mí, àmọ́ Euclid ló jàre: kò sí 59 nínú tèmi, kò sí 509.

Àkọlé ìròyìn ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. "Tó tóbi jù" nínú èyí tí a mọ̀ ni. Ẹni tó ga jù ládùúgbò yín ńkọ́, ṣé òun ló ga jù láyé?

Ó dáa, irú ti Durant yẹn, tí à ń yọ 1 lára 2 tí a ti sọ di púpọ̀, kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó lópin. Mo gbà. Prime lápapọ̀ ńkọ́? Rárá.

Mo ní kí bàbá ọmọ náà mú prime mẹ́ta wá. Wọ́n kọ 3, 5, 7. Ó di 105. A fi 1 kún un, 106, ìyẹn 2 × 53. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, 53 dà nínú tiyín?"

Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kílẹ̀ tó ṣú.